Google Earth mẹ́ta ni mo rí: èwo ni kí n fi wo ilẹ̀ ẹbí wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé, ní Òṣogbo níbí. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́nà Ìkìrun, àwọn kan sì ti kọ́lé sí apá kan rẹ̀. Wọ́n ní mo lè fi Google Earth wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí n sì fi wọn bó ṣe tóbi tó. Nígbà tí mo wá a, mẹ́ta ni mo rí: ti fóònù, ti inú bíráúsà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Pro. Ẹnì kan ní kí n mú ₦15,000 wá fún kíì Pro. Láptọ́ọ̀pù mi ò lágbára, RAM 4 GB ló ní. Èyí tí mo wò lórí fóònù ò tilẹ̀ fi ilé tí mò ń gbé hàn. Èwo ni kí n lò, báwo ni mo sì ṣe máa lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yín sápò. Kò sí kíì tí wọ́n ń tà fún Google Earth Pro mọ́. Nígbà kan rí, $399 ni ẹni tó bá fẹ́ lò ó ń san lọ́dọọdún, kíì ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó ti sanwó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ló ti di ọ̀fẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà ó ṣì ń béèrè kíì, GEPFREE ni gbogbo ayé sì ń tẹ̀ sí i. Èyí tó wà níta báyìí, ẹ̀dà 7.3, kò béèrè nǹkan kan. Ojú ewé Google fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e, google.com/earth/versions. Ẹ má gbà á nínú fíláàṣì ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé.

Pro náà sì ni kí ẹ lò fún iṣẹ́ yìí. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Keyhole ló kọ́kọ́ ṣe é. Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2004, wọ́n sì gbé e jáde lórúkọ Google Earth ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Pro tí ẹ rí yẹn, ìran èyí àtijọ́ ni. Orí kọ̀ǹpútà ló ń gbé, ojú rẹ̀ ò dán, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti dàgbà. Àmọ́ àwòrán ìgbà àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2009, ìyẹn ẹ̀dà 5. Ti inú bíráúsà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tún kọ láti ìpìlẹ̀, 2017 ló jáde. Inú Chrome nìkan ló ti ń ṣí títí di 2020 kí Firefox, Edge àti Opera tó lè ṣí i. Àwòrán àtijọ́ ò sí nínú rẹ̀ títí di 2024, ìgbà yẹn náà ni ti fóònù rí i gbà. Ó rọrùn, ó lẹ́wà, orí Google Drive ló sì ń tọ́jú iṣẹ́ yín sí. Ẹni tó fẹ́ fi àwòrán ayé kọ́ ọmọ ilé-ìwé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé sọ́fè lọ́wọ́, tó fẹ́ tẹ nọ́ńbà UTM inú rẹ̀ (iye mítà tí wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀) sí i, kó tún tẹ́ ìwé náà lé orí ilẹ̀, Pro ló máa bá a lájọṣe.

Fóònù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá dé orí ilẹ̀ náà, òun lẹ máa fi mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ kàn rántí pé GPS fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà níta gbangba, á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100 tí wọ́n ń tà nílùú yìí, mítà 15 ó lé díẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀. Mítà 5 ti kó ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹ má fi fóònù bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ààlà.

Láptọ́ọ̀pù yín tó. RAM 2 GB ló kéré jù tí Pro lè fi ṣiṣẹ́, 4 GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ tún ṣe nínú Tools, Options, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní abala 3D View, ẹ yí Show Lat/Long sí Universal Transverse Mercator, kí ẹ sì yí ìwọ̀n sí Meters. Ní abala Cache, ẹ gbé Disk Cache sí 2000 MB, òpin rẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni dátà: gbogbo àwòrán tí ẹ bá ti wò, inú dísìkì ló máa ń wà. Bí ẹ bá rí Wi-Fi níbì kan, ẹ rọra rìn yíká gbogbo agbègbè ilẹ̀ náà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ dúró títí àwòrán á fi mọ́ kedere. Tí ẹ bá délé tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, á ṣì ṣí. Àwọn ọdún àtijọ́ náà, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣí wọn níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní sí nínú dísìkì.

Bí ayé bá dúdú tàbí tó funfun báláú nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ dírífà àwòrán kọ̀ǹpútà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú 3D View kan náà, ẹ yí Graphics Mode láti OpenGL sí DirectX tàbí láti DirectX sí OpenGL, kí ẹ pa á kí ẹ tún ṣí i. Bí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ wọ Help, ẹ tẹ Launch Repair Tool, kí ẹ sì fi pa cache rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ilé yín tí kò hàn. Àwòrán orí Google Earth kì í ṣe tòní, kì í sì í ṣe kámẹ́rà tó ń ṣọ́ wa. Fọ́tò ni, sátẹ́láìtì tàbí ọkọ̀ òfurufú ló yà á, wọ́n sì rán oríṣiríṣi ọjọ́ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n tò ní ègé. Òkè-Baálẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún kan, kí Ọjà Ọba jẹ́ ti òmíràn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú Pro, Imagery Date wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé máòsì kiri, ọjọ́ náà á máa yí padà níbi tí ègé kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ò lè sí nínú rẹ̀.

Àwòrán àtijọ́ ni iṣẹ́ gidi tí ẹ wá ṣe, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. Ẹ tẹ àmì aago olófà tó wà lókè, ọ̀pá ọdún á jáde. Fún ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá yẹn lè padà sẹ́yìn dé ọdún 1985, ẹnì kan á sì ti máa yọ̀ pé òun máa rí ilẹ̀ bàbá òun ní 1985. Kò ní rí i. Sátẹ́láìtì Landsat ló ya àwọn ti ìgbà yẹn, pixel kan nínú rẹ̀ (àmì tó kéré jù nínú àwòrán) sì jẹ́ mítà 30 lọ́nà mítà 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: 900 mítà onígun mẹ́rin nìyẹn. Pulọ́ọ̀tì 50 lọ́nà 100 jẹ́ nǹkan bíi 465. Ìyẹn ni pé pulọ́ọ̀tì méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àmì kékeré kan ṣoṣo, àwọ̀ kan náà sì ni méjèèjì máa gbé. Igbó ńlá, odò àti ìlú nìkan lẹ lè dá mọ̀ níbẹ̀.

Àwòrán tí ilé ti lè hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sátẹ́láìtì IKONOS tó gòkè ní 1999, tí pixel rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1, àti QuickBird ní 2001 tó dín sí nǹkan bíi 60 sẹ̀ntímítà. WorldView-3 ti 2014 dé nǹkan bíi 31 sẹ̀ntímítà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì kan tí páànù ilé ń dán nínú rẹ̀ síwájú yín, tó ní ti 1992 ni, irọ́ ni. Kò sí sátẹ́láìtì tí wọ́n ń ta àwòrán rẹ̀ nígbà yẹn tó ríran tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí ọkọ̀ òfurufú yà nìkan ló lè jẹ́.

Bí ẹ bá ti rí àwọn ọdún tó mọ́, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn lójú kan náà. Ohun mẹ́ta ló ń da ojú rú.

Èkíní ni ìgbà òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀. Kùrukùru pọ̀ lójú ọ̀run wa nígbà òjò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwòrán tó mọ́ fi jẹ́ ti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Nígbà náà, koríko ti gbẹ, iná ti jó igbó, ilẹ̀ sì pọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ á wo àwòrán oṣù kìn-ín-ní, á ní wọ́n ti fi katakata ro ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ iná ọ̀gbẹlẹ̀ lásán ni. Oṣù tó jọra ni kí ẹ fi wé ara wọn: oṣù kejìlá pẹ̀lú oṣù kejìlá.

Èkejì ni pé àwòrán máa ń sún. Bí ẹ bá gbé àmì lé orígun ilé kan nínú àwòrán ọdún kan, tí ẹ sún ọ̀pá lọ sí ọdún mìíràn, ẹ lè rí i pé ilé náà ti kúrò lábẹ́ àmì pẹ̀lú mítà mélòó kan. Ilé ò rìn, bí wọ́n ṣe tẹ́ fọ́tò náà ló yàtọ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ bó ṣe sún tó rèé: ẹ wá ohun kan tí kì í kúrò lójú kan nítòsí, bí oríta tí ọ̀dà wà tàbí ibi tí títì gbé gba orí irin rélùwéè kọjá. Ẹ gbé àmì lé e ní ọdún kan, ẹ lọ sí ọdún kejì, kí ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí àmì àti apá ibi tó sún sí. Bó bá jẹ́ mítà 4 sí ìlà-oòrùn, ẹ yọ mítà 4 yẹn kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá rí lórí ilẹ̀ yín fún ọdún náà. Ẹni tí kò ṣe èyí lè fẹ̀sùn kan aládùúgbò pé ó gbé fẹ́ǹsì wọ ilẹ̀ òun, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò ló gbé fẹ́ǹsì náà.

Ẹ̀kẹta, ilé máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí sátẹ́láìtì kì í sábà wà lókè téńté nígbà tó ń ya àwòrán. Ilé alájà méjì lè gbé òrùlé rẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tí ògiri gbé fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni kí ẹ gbé àmì sí.

Wíwọ̀n ò le. Ẹ tẹ U lórí kíbọ́ọ̀dù kí ojú yín wà lókè gangan, kí ẹ tẹ N kí àríwá wà lókè. Ẹ ṣí Ruler, ẹ yan Polygon, ẹ yọ àmì kúrò lára Mouse Navigation kí ayé má baà máa yí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ orígun kọ̀ọ̀kan yíká, kí ẹ yan hẹ́kítà tàbí mítà onígun mẹ́rin. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin, éékà kan jẹ́ nǹkan bíi 4,047. Ibí yìí ni ìjà pulọ́ọ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀: éékà kan máa ń gba pulọ́ọ̀tì mẹ́fà bó bá jẹ́ 60 lọ́nà 120, ṣùgbọ́n 50 lọ́nà 100 máa ń wọ inú rẹ̀ ju mẹ́jọ lọ kí ẹ tó yọ títì. Ẹ béèrè irú pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó gba iye.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀ yín, ẹ fi igbó Ọ̀ṣun dánra wò. Hẹ́kítà 75 ni UNESCO kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ fi polygon yí ibi tí ewé gbé ṣú dùdù ká, ẹ wo ohun tó máa jáde. Bí kò bá bára mu, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: ibi tí igi parí sí kọ́ ni ààlà tó wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ẹbí yín máa rí. Fẹ́ǹsì, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ìlà kòkó tí ẹ ń rí lókè kì í ṣe pílà, ìyẹn òpó kékeré tí awọnlẹ̀ fi ń sàmì ààlà.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé sọ́fè jáde bó bá wà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n kọ E sí àti èyí tí wọ́n kọ N sí. Ẹ̀yin fúnra yín lè fi títóbi nọ́ńbà náà mọ irú rẹ̀. Ní agbègbè Òṣogbo, bí E bá wà ní nǹkan bíi 670,000, tí N wà ní nǹkan bíi 860,000, UTM Zone 31 ni. Bó bá jẹ́ E nǹkan bíi 237,000 àti N nǹkan bíi 417,000, ìwé àtijọ́ ni, Nigeria West Belt, ètò nọ́ńbà àtijọ́ ti apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni wọ́n fi ṣe é. Òpó ìlà rẹ̀ wà ní 4°30′ ìlà-oòrùn, tó kọjá nítòsí wa níbí gan-an. Google Earth ò mọ West Belt rárá, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i.

Bó bá jẹ́ UTM, ẹ lọ sí Add, Placemark. Àyè Zone, Easting àti Northing á jáde. Ẹ tẹ 31N sí Zone, kí ẹ tẹ nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pílà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pariwo pé ilẹ̀ àwọn ti bọ́ sórí ilé onílé. Ẹ farabalẹ̀. WGS84 ni ìṣirò ayé tí Google Earth ń lò. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè nílẹ̀ wa ń lo Minna, èyí tí wọ́n fi ìṣirò ayé mìíràn ṣe, Clarke 1880. Nọ́ńbà Minna tí ẹ bá tẹ̀ tààrà sínú Google Earth lè fi ju mítà 100 lọ ṣìnà. Tí gbogbo pílà bá sún sí apá kan náà ní ìwọ̀n kan náà, tí ìrísí ilẹ̀ náà sì pé, Minna ni ẹ fura sí kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni. QGIS, sọ́fítíwíà máàpù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè yí i padà. Nọ́ńbà tó fi ń dá irú kọ̀ọ̀kan mọ̀ rèé: EPSG:26331 ni Minna UTM 31, EPSG:26391 ni West Belt, EPSG:32631 ni èyí tí Google Earth lè gbà. Awọnlẹ̀ náà lè bá yín ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bó bá jẹ́ latitude àti longitude lẹ ní, 7.77 ló ṣáájú, 4.56 ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé wọn pa dà, etí òkun lápá Akwa Ibom lẹ máa bá ara yín. Èyí tó tún máa ń dàrú ni pé nínú fáìlì KML, èyí tí Google Earth ń tọ́jú àmì sí, òdìkejì ni wọ́n ń kọ ọ́: longitude ló ń ṣáájú níbẹ̀. (K inú KML yẹn, Keyhole ni.)

Lẹ́yìn tí pílà ti jókòó, ẹ lè ya fọ́tò ìwé sọ́fè náà kí ẹ fi Image Overlay tẹ́ ẹ lé ilẹ̀, kí ẹ sì fi Transparency sọ ọ́ di fẹ́lẹ́. Pílà ni kó ṣáájú o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ ìwé, á máa fà á títí á fi bá ohun tó wù ú mu.

Nípa àwọn sọ́fítíwíà mìíràn tó jọ Google Earth: Marble fúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà tó ti gbó, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ò tó fún iṣẹ́ yìí. NASA WorldWind àti Cesium jẹ́ ti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà. Ẹ má sì fi gíga ilẹ̀ tí Google Earth ń sọ ṣètò gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ ilé. Ibi tí ìwọ̀n yẹn bá ti wá láti SRTM (ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rádà mú láti òfurufú) ti oṣù kejì 2000, mítà 30 ni àlàfo àmì kan sí èkejì.

Kí ẹ tó ti Pro pa, ẹ wo Temporary Places. Ohun tó bá wà níbẹ̀ kò ní bá yín délé bí ẹ kò bá gbé e sí My Places. Ẹ tẹ My Places pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ yan Save Place As, kí ẹ fi fáìlì KMZ rẹ̀ (KML tí wọ́n fún pọ̀) ránṣẹ́ sí ara yín. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ fi hàn, ẹ lo File, Save, Save Image, kí ẹ yan Maximum, kí ẹ sì jẹ́ kí àmì àríwá àti ìwọ̀n wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ àwòrán náà, ẹ kọ ọ́ sínú àkọlé. Ẹ kó KMZ, àwọn àwòrán náà àti ìwé sọ́fè lọ bá awọnlẹ̀ tí SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló lè lọ yẹ ìwé náà wò lọ́dọ̀ Surveyor-General ìpínlẹ̀, òun náà ló lè wá pílà kan orí ilẹ̀. Ohun tí ẹ gbé wá á jẹ́ kó mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ́.